Ògiri àtijọ́ tí ọ̀dà ẹ̀ ń bó: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó kun òmíì lé e

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti náwó sórí ọ̀dà tó dáa, wọ́n kun ògiri àtijọ́, ó dán, ó rẹwà, kò pẹ́ kò jìnnà gbogbo ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó, wọ́n á wá máa bú ọ̀dà, wọ́n á máa bú ẹni tó kùn ún. Lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀dà yẹn ò ṣẹ̀ ẹnì kankan o. Ọ̀dà tuntun tẹ́ ẹ kùn yẹn, kì í ṣe ògiri ló dì mú, ọ̀dà àtijọ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló dì mú. Bí ti àtijọ́ bá ti fi ògiri sílẹ̀, kò sóhun tí tuntun lè ṣe ju kó bá a lọ. Torí náà iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gan-an, kíkùn kọ́, ohun tẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó ṣí agolo ọ̀dà ni.

Ọ̀dà tuntun tún máa ń dá kún ìṣòro ọ̀hún. Omi ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà tá a ń kùn sínú ilé, omi yẹn á rin ọ̀dà àtijọ́, á mú kó rọ̀, nígbà tí tuntun bá wá ń gbẹ á máa sún kì, bó ṣe ń sún kì ló ń fa èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀ mọ́ra. Ibi tó bá lẹ̀ dáadáa ò ní mì, àmọ́ ibi tó jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ló fi so kọ́, ó máa já ni. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè rí ògiri tó dà bíi pé kò ní nǹkan kan láàárọ̀, tẹ́ ẹ kùn ún, tó fi máa di alẹ́ ó ti wú níbí wú lọ́hùn-ún.

Kẹ́ ẹ tó gbé síkírépà (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ha ọ̀dà) rárá, ohun àkọ́kọ́ tí màá ní kẹ́ ẹ ṣe ò gba kọ́bọ̀. Ẹ mú èèpo ọ̀dà kan tó tóbi díẹ̀ níbi tó ti ń bó, ẹ yí i pa dà, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ojú ògiri níbi tó ti ṣí kúrò. Àwọn méjèèjì ló máa sọ fún yín ibi tí nǹkan ti já. Mi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn kì í fi ṣe èyí, torí ó máa ń gbani lọ́wọ́ wàhálà tó pọ̀.

Tí ẹ̀yìn èèpo yẹn bá mọ́, tí ọ̀dà míì tó ń dán sì wà lára ògiri níbi tó ti kúrò, á jẹ́ pé ọ̀dà méjì ni ò bára wọn lẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n ti kun ọ̀dà olóìlì tó ń dán sára ògiri nígbà kan, ẹlòmíì wá kun ọ̀dà olómi lé e lórí láìfi sáńpépà kàn án, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀rá àti èéfín wà lára ògiri tẹ́lẹ̀ tí ẹnì kan ò fọ̀ ọ́. Èyí ò burú jù, torí ohun tó wà nísàlẹ̀ ṣì lágbára, èyí tó wà lókè nìkan ló ní láti kúrò.

Tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ní nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú tó ń kun yín lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yí pa dà nìyẹn. Nínú àwọn ilé tó ti pẹ́ gan-an, ẹfun ni wọ́n máa ń lọ̀ pọ̀ mọ́ gúlúù tí wọ́n fi awọ àti egungun ẹran ṣe, òun ni wọ́n fi ń kun ògiri àti àjà, kò sì tíì sí ọjọ́ tó le débi tí omi ò ní lè tú u. Ẹ mú àkísà tó tutù, kẹ́ ẹ fi nu ibẹ̀ dáadáa, tó bá ń yọ́ tó ń kun àkísà, òun náà nìyẹn. Ẹ má gbìyànjú láti kun nǹkan kan lé e lórí o, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi léraléra, títí àkísà ò fi ní mú funfun mọ́. Ó máa ń dọ̀tí, ó ń tánni lókun, àmọ́ kò sí ọ̀nà àbùjá kankan níbẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé iyanrìn tàbí ègé pílásítà ló bá èèpo yẹn wá, ọ̀dà ò jẹ̀bi rárá, pílásítà fúnra ẹ̀ ló ń jẹ, omi ló sì máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀yìn èèpo náà sì lè mọ́ tónítóní kó jẹ́ pé ojú pílásítà lásán tó dán gbọnrangandan ló kù lára ògiri, kò sí ọ̀dà kankan lára ẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé ọ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n kùn síbẹ̀ ò ráyè wọlé. Pílásítà tuntun máa ń fa omi mu gan-an, tí wọ́n bá kun ọ̀dà tó ki lé e, á ti fa omi ọ̀dà yẹn mu kí ọ̀dà tó ríbi di mú, á wá gbẹ sójú lásán. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kùn lé e lórí láti ọjọ́ yẹn, orí nǹkan tí ò lẹ̀ ni wọ́n ń kùn ún sí. Ẹ yẹ ibi mẹ́ta mẹ́rin wò o, torí ògiri kan ṣoṣo lè ní ìṣòro méjì, ti ìsàlẹ̀ yàtọ̀, ti òkè yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ọ̀hún, mo fẹ́ ká dúró lé e díẹ̀, torí òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Tí ọ̀dà bá ń bó nísàlẹ̀ ògiri nìkan, látilẹ̀ lọ sókè bíi mítà kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi inú ilẹ̀ ló ń gun ògiri. Tó bá jẹ́ lókè nítòsí àjà, ẹ wo òrùlé àti ibi tí òjò ń gbà ṣàn. Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo láàárín ògiri, ẹ ronú páìpù. Tó bá jẹ́ igun yàrá tàbí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tí atẹ́gùn ò dé, tí nǹkan dúdú sì ń hù níbẹ̀, ọ̀rinrin inú yàrá fúnra ẹ̀ ló ń dì sára ògiri tó tutù, èémí wa, omi gbígbóná, aṣọ tá a sá sínú ilé, gbogbo ẹ̀ ló ń dá kún un.

Tí ò bá yé yín bóyá inú ògiri ni omi ti ń bọ̀ tàbí inú yàrá, ẹ ha ibi kékeré kan mọ́ (tí ilé yín bá ti pẹ́, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí mo sọ nísàlẹ̀ nípa òjé, ìyẹn lead, kẹ́ ẹ tó ha á), ẹ gé náílọ́nù, kẹ́ ẹ fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yí ká kí atẹ́gùn má ráyè wọlé, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48. Tí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn náílọ́nù, níbi tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ló ti ń jáde. Tó bá jẹ́ iwájú ẹ̀ tó kọjú sí yàrá ló tutù, ọ̀rinrin yàrá ni, ohun tó kù ni kẹ́ ẹ máa ṣí fèrèsé kẹ́ ẹ sì sún ẹrù kúrò lára ògiri. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ wá orísun omi yẹn kẹ́ ẹ dí i ná. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sì dí i, ògiri ò ní gbẹ lọ́jọ́ kejì, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí tó nípọn tó sì rin gan-an á gba oṣù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti dúró, àmọ́ kò sí ọ̀dà tó ń dá omi dúró sẹ́yìn ẹ̀ kó má bó, omi yẹn á kàn wá ibòmíì gbà ni.

Omi tún máa ń kó iyọ̀ wá látinú bíríkì àti sìmẹ́ǹtì, tí omi bá gbẹ iyọ̀ á kù sójú ògiri, funfun, rírọ̀, ó dà bí òwú nígbà míì. Iyọ̀ yìí ló máa ń dàgbà sábẹ́ ọ̀dà tó sì máa ń tì í síta. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ o, ńṣe ni omi máa tú u tí ògiri á tún fà á mu pa dà. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ kó èyí tó bọ́ sílẹ̀ dà nù, kẹ́ ẹ tún wò ó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tó bá tún yọ, kẹ́ ẹ tún gbọ̀n ọ́n. Ìgbà tí kò bá yọ mọ́ lẹ tó lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ilé yín ti pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ha nǹkan kan. Nínú ọ̀dà ayé àtijọ́, òjé máa ń wà níbẹ̀, pàápàá jù lọ ọ̀dà olóìlì. Amẹ́ríkà fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé gbígbé ní 1978, àwọn ilẹ̀ míì ò tètè ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà bí ilé bá ti ju àádọ́ta ọdún lọ, kódà àwọn tí ò tó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbà pé òjé lè wà nínú ọ̀dà ẹ̀ títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tá a mọ̀ pé kò léwu nínú ara. Ọpọlọ àwọn ọmọdé ló máa ń bà jẹ́ jù, kì í sì í dára fún aláboyún àti oyún inú ẹ̀. Wọ́n máa ń ta ohun ìdánwò ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, àmọ́ èyí tó dájú jù ni kẹ́ ẹ gé ègé ọ̀dà tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí láàbù.

Tí òjé bá wà níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ sá kúrò nílé. Ọ̀dà olójèé tó lẹ̀ dáadáa tí ò bó kò ní ṣe yín ní nǹkan kan tẹ́ ẹ bá kun òmíì bò ó, eruku ẹ̀ àti èèpo ẹ̀ lewu. Nítorí náà, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi sáńpépà gbígbẹ fá a, ẹ ò gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ tó ń fá nǹkan, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi iná sun ún, torí èéfín òjé lẹ máa fà símú. Omi ni kẹ́ ẹ fi rin ín kẹ́ ẹ tó ha á, kẹ́ ẹ tẹ́ náílọ́nù tó nípọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wọ ìbòmú tó ń sẹ́ eruku kéékèèké, irú èyí tí wọ́n kọ FFP3 tàbí P3 sí lára, aṣọ lásán ò lè dá eruku òjé dúró. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, àkísà tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Ẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ má ṣe da aṣọ tẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ mọ́ aṣọ ọmọdé. Tó bá jẹ́ gbogbo ilé ló rí bẹ́ẹ̀, tí ọmọ kékeré sì ń gbébẹ̀, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ pe àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yẹn. Nǹkan míì rèé: tí ògiri tàbí àjà bá ní ọ̀dà tó ki, tó ṣe gbágungbàgun bíi pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àrà sí i, asbestos (nǹkan bí okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń lò nínú ohun ìkọ́lé tẹ́lẹ̀, tí eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́) lè wà nínú ẹ̀ bí ilé bá ti pẹ́, ẹ má ha á, ẹ má fá a, títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò fún yín.

Ó yá, tí gbogbo ìyẹn bá ti wà létòlétò, ó kan ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi mí: ṣé gbogbo ọ̀dà ni màá ha kúrò ni? Rárá. Èyí tó bá fẹ́ kúrò ni kó kúrò, èyí tó bá lẹ̀ dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀, òun náà ló máa di ti tuntun mú. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ fi réṣà la ilà méjì kọjá ara wọn lórí ọ̀dà tó dà bíi pé ó dáa, kẹ́ ẹ lẹ tépù tó lágbára lé e, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí tépù bá jáde láìmú nǹkan kan, ọ̀dà yẹn lágbára. Tó bá gbé ọ̀dà dání, tuntun náà máa gbé e. Ẹ ṣe é níbi bíi mélòó kan, ní pàtàkì ní ìtòsí ibi tó ti ń bó.

Ẹ ha á pẹ̀lú síkírépà tí etí ẹ̀ mú, ẹ dà á délẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọ abẹ́ èèpo, ẹ má gbé e dúró gbọnrọn torí á máa gún pílásítà. Ẹ máa bá èèpo yẹn lọ títí ẹ ó fi débi tí síkírépà ò lè gbé etí ọ̀dà sókè mọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dúró. Nígbà míì ẹ máa rò pé ibi kékeré kan ni, tó bá máa yá, ìdajì ògiri ti lọ, ẹ má bínú, ó sàn kó bọ́ báyìí ju lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti kùn ún tán.

Bẹ́ ẹ ṣe ń ha á lọ, ẹ máa fi oríkèé ìka kan ògiri, kẹ́ ẹ fetí sí i. Ibi tí pílásítà ti lẹ̀ á dún ki, ibi tó ti ṣí kúrò lára bíríkì á dún bí ohun tó ṣófo. Tó bá ṣófo àmọ́ tí kò mì nígbà tẹ́ ẹ tì í, ẹ fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ló ní irú ẹ̀ tó sì ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tó bá ń mì tàbí tó ti wú síta, ẹ wó ibẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ rẹ́ ẹ lákọ̀tun.

Ibi tí àṣìṣe ńlá máa ń wà nìyí o. Pílásítà ilé tó ti pẹ́ gan-an, láìmù (òkúta ẹfun tí wọ́n sun di lẹ́búlẹ́bú) ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Ẹ máa mọ̀ ọ́n torí ó rọ̀, àwọ̀ ẹ̀ máa ń ṣí, ẹ sì lè rí irun ẹran nínú ẹ̀, wọ́n máa ń dà á pọ̀ mọ́ ọn kó lè di ara ẹ̀ mú. Láìmù máa ń jẹ́ kí ọ̀rinrin gba inú ẹ̀ kọjá jáde, sìmẹ́ǹtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fi sìmẹ́ǹtì dí ihò láàárín ògiri oníláìmù, omi tó fẹ́ gba ibẹ̀ jáde á yà sí ẹ̀gbẹ́, á máa ba láìmù tó yí i ká jẹ́, kò pẹ́ ọ̀dà á tún máa bó yí ibi tẹ́ ẹ dí yẹn ká. Láìmù ni kẹ́ ẹ fi tún láìmù ṣe, kẹ́ ẹ sì wá ọ̀dà tó ń jẹ́ kí ògiri mí, ẹ má lo ọ̀dà tó ń dì bíi rọ́bà. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ lóòótọ́, ó ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ibi tó sán tín-ín-rín kò le, ẹ fi ẹnu síkírépà fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí pọ́tí (nǹkan rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò àti ibi tó sán) lè ráyè wọlé, ẹ gbọn eruku ẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ wá kì í. Àmọ́ tó bá fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, tàbí tó ń fẹ̀ sí i lóṣooṣù, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ, ẹ pe onímọ̀ nípa ilé kó wá wò ó, pọ́tí ò lè wo ìyẹn sàn.

Ní báyìí, níbi tí ọ̀dà ti bó àti ibi tó kù, ojú wọn ò ní dọ́gba, etí ọ̀dà tó kù á ga díẹ̀. Ọ̀dà ò ní bò ó o, ẹ̀tàn ni, tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo ẹ̀ lẹ máa rí. Ẹ fi sáńpépà tí nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ 80 tàbí 120 fá etí ọ̀dà títí tẹ́ ẹ bá fi ìka gbà á kọjá tẹ́ ẹ ò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ (tí òjé bá wà níbẹ̀, sáńpépà tí wọ́n ń lò pẹ̀lú omi ni o). Níbi tó bá jìn, ẹ fa pọ́tí lé e, kẹ́ ẹ jẹ́ kó kọjá etí ẹ̀ dáadáa, tín-ín-rín tín-ín-rín lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó máa gbẹ láàárín, torí èyí tó bá nípọn lẹ́ẹ̀kan náà á sán, á sì rì wọlé. Tó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà 180 fá a. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé e sún mọ́ ògiri kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa sáré lójú ògiri, gbogbo ibi tó ṣì kù ló máa hàn.

Lẹ́yìn náà ni fífọ̀. Omi àti ọṣẹ fún ọ̀rá àti ìdọ̀tí, kẹ́ ẹ tún fi omi lásán nù ún, torí ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù náà ò ní jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀. Fún nǹkan dúdú tó hù, bílíìsì ìwọ̀n kan sínú omi ìwọ̀n mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì da bílíìsì pọ̀ mọ́ kẹ́míkà mìíràn láéláé, ó lè di gáàsì tó ń pani. Kí gbogbo ẹ̀ gbẹ dáadáa. Eruku tó bá jáde látinú sáńpépà, ẹ nù ún kúrò dé orí férémù, mo ti rí ọ̀dà tó ń bó tó jẹ́ pé eruku nìkan ló fà á.

Práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn kí ọ̀dà gan-an lè lẹ̀, wá ńkọ́? Ó ń rú èèyàn lójú torí oríṣiríṣi ló wà, ohun tó wà lójú ògiri ló ń sọ èyí tẹ́ ẹ máa lò. Ibi tó jẹ́ pílásítà lásán tàbí pọ́tí, ẹ fi omi la ọ̀dà olómi lásán, omi ìwọ̀n kan sí ọ̀dà ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó lè wọlé dáadáa, bẹ́ ẹ bá fo ibi pọ́tí, á máa hàn lójú ògiri pé ibí yìí kú, ibí yìí ń dán. Ibi tó ṣì ń kunni lọ́wọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fọ̀ ọ́, práímà tó ń mú nǹkan le lẹ máa lò, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pọ̀ débi tó máa dán, tó bá dán, ọ̀dà ò ní rí nǹkan di mú. Òun náà ò sì lè lẹ èèpo tó ti ṣí pa dà, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ibi tí ọ̀dà olóìlì tó lágbára wà, ẹ fi sáńpépà pa dídán ẹ̀, kẹ́ ẹ wá kun práímà tó ń lẹ̀ mọ́ ohun dídán. Tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ bóyá olóìlì ni, ẹ rin òwú sínú sípíríìtì (methylated spirit) kẹ́ ẹ fi nù ún, tí ọ̀dà bá kun òwú, olómi ni, tí ò bá kùn ún, olóìlì ni. Ibi tí omi tàbí èéfín ti mú ògiri pọ́n, práímà tó ń dí àbàwọ́n lẹ máa lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa là jáde bó ti wù kẹ́ ẹ kùn ún tó.

Ohun kan tí mo máa bẹ̀ yín nípa ẹ̀ ni gúlúù funfun yẹn, PVA. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ la á kẹ́ ẹ fi kun ògiri kí ọ̀dà lè lẹ̀. Ẹ má dán an wò o. Ojú ògiri ló máa ń gbẹ sí, tí omi ọ̀dà bá kàn án á tún rọ̀, ọ̀dà yín á wá lẹ̀ mọ́ gúlúù dípò ògiri. Bébà ògiri náà ò sì bo àṣírí kankan, tí ọ̀dà abẹ́ ẹ̀ bá ń bó, bébà á bá a wálẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá kun ìpele ọ̀dà àkọ́kọ́, ẹ má sáré kun ìkejì. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì yẹn sójú ògiri láti ẹ̀gbẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tó wú tàbí tí etí ẹ̀ ká sókè, ibẹ̀ lọ̀dà àtijọ́ tó fara pamọ́ wà, ẹ gé e, ẹ ha á dé ibi tó lágbára, ẹ fa pọ́tí sí i, ẹ kun práímà síbẹ̀ nìkan, kẹ́ ẹ tó wá kun ìpele kejì.